Ẹ̀bùrú Tí A Kò Kọ Ìdí Rẹ̀ Sílẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro. Orúkọ tí ó bá ṣàjèjì lára ẹni tí ń jẹ́ ẹ ní ìtàn lẹ́yìn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lóye orúkọ náà gbọ́dọ̀ béèrè ìtàn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ kan tí púpọ̀ nínú yín lè rò pé kò kan òwe rárá, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn tí ń yẹ kóòdù wò kí ó tó wọ inú ètò tí ń darí ẹ̀rọ àwòrán inú kọ̀ǹpútà. Ní èrò tèmi, òwe Kúmólú ni ó yẹ kí ó jẹ́ òfin àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ya ohun gbogbo tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà náà: lẹ́tà, fọ́tò, fíìmù àti eré. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní GPU; èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ àwòrán. Ẹ̀rọ yìí kò lè dá ṣiṣẹ́. Ètò kan ni ó ń darí rẹ̀. Àwọn òyìnbó fún ètò náà ní orúkọ ẹni tí ń wa ọkọ̀, nítorí náà àwa pẹ̀lú lè pè é ní dírẹ́bà láìtijú. Bí dírẹ́bà ọkọ̀ ṣe ní bíréèkì àti jíà tí ó ń fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn, bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà ẹ̀rọ àwòrán ní àwọn rẹ́jísítà. Rẹ́jísítà jẹ́ àyè kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí a ń kọ nọ́ńbà sí. Ó sábà máa ń ní bíìtì 32, a sì lè fi bíìtì kọ̀ọ̀kan wé súwíìṣì iná. Bí a bá tan èyí, ẹ̀rọ yóò ṣe báyìí. Bí a bá pa á, ẹ̀rọ yóò ṣe bí ó ti mọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ máa ń ṣe àṣìṣe, àṣìṣe inú ẹ̀rọ kò sì dà bí àṣìṣe inú ìwé tí a lè fi rọ́bà pa rẹ́. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Lynchburg College ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹ̀rọ Pentium ti ilé-iṣẹ́ Intel máa ń ṣi ìṣirò pínpín kan ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà gbà níkẹyìn láti pààrọ̀ ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, ó sì kéde ní oṣù Kìíní ọdún 1995 pé ọ̀rọ̀ náà ná òun ní mílíọ̀nù 475 dọ́là. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè máa san irú owó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àbùkù bá yọjú. Nítorí náà, bí àbùkù bá wà nínú ẹ̀rọ tí ó ti dé ọwọ́ aráyé, dírẹ́bà ni ó gbọ́dọ̀ dọ́gbọ́n sí i.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí dírẹ́bà máa ń ṣe bí títì bá bàjẹ́. Yóò yà kúrò lójú títì, yóò gba ẹ̀bùrú, yóò sì tún yọ sí títì níwájú. Ohun tí dírẹ́bà ẹ̀rọ àwòrán ń ṣe gan-an nìyẹn. Yóò kọ nọ́ńbà kan sí rẹ́jísítà kan, nọ́ńbà tí kò ní ìdí láti kọ bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà pé, kí iṣẹ́ lè yẹra fún ibi tí ó ti bàjẹ́. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni èmi yóò máa pè ní ẹ̀bùrú nínú àròkọ yìí.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ pàápàá mọ̀ pé ohun tuntun tí àwọn gbé sínú ẹ̀rọ lè da àwọn. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi bíìtì kan pamọ́ tí a lè fi pa ohun tuntun náà bí ó bá di wàhálà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ adìẹ ni wọ́n fi ń pe bíìtì bẹ́ẹ̀, nítorí pé adìẹ ni àwọn fi ń pe ojo. Bí ẹnìkan bá túmọ̀ rẹ̀ sí bíìtì adìẹ fún ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yóò dojú rú, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, àgbébọ̀ adìẹ tí ó bá ní ọmọ lẹ́yìn kì í sá fún àṣá. Bíìtì ojo ni ìtumọ̀ tí ó yẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ́jísítà bíìtì ojo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bùrú ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ. Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, jẹ́ ètò tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀. Dírẹ́bà tí ó ti ń darí ẹ̀rọ àwòrán Intel nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ń pè ní i915. Fáìlì kan wà nínú dírẹ́bà yìí tí ó ń jẹ́ intel_workarounds.c, ẹ̀bùrú ni ó kún inú rẹ̀. Lára àwọn tí a kọ fún Broadwell, ẹ̀rọ tí Intel gbé jáde ní ọdún 2014, ọ̀kan wà tí ó ń tan bíìtì kan nínú rẹ́jísítà HDC_CHICKEN0. Orúkọ tí a kọ sí i ni WaForceEnableNonCoherent:bdw,chv. Lẹ́tà bdw àti chv ń sọ ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, Broadwell àti Cherryview. Àlàyé kékeré kan sì wà lókè rẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀rọ lè dákú bí ohun méjì bá ṣe kòńgẹ́: kí ẹ̀rọ máa tú iṣẹ́ tí ó kó jọ sílẹ̀, kí a sì tún pàṣẹ ní àkókò kan náà pé kí ó gbàgbé àkọsílẹ̀ tí ó fi mọ ibi tí nǹkan wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Ó fi kún un pé irú kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó tó. Ẹni tí ó bá kà á mọ irú àìsàn tí a ń wò, ó mọ ẹni tí ó ń ṣàìsàn, ó sì mọ ìgbà tí àìsàn náà ń dé.

Ẹ wá fi èyí wé ẹ̀bùrú kan tí a kọ fún Tiger Lake, ẹ̀rọ ọdún 2020. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ju Wa_14011059788 àti orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ó kàn lọ. Nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí àkọsílẹ̀ inú ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yóò rí ìdí. Ẹni tí ó wà níta yóò rí nọ́ńbà nìkan. Bí a bá tún wo amdgpu, dírẹ́bà tí ń darí ẹ̀rọ àwòrán AMD nínú Linux yìí kan náà, a ó rí àwọn àkójọ kan tí wọ́n sọ ní orúkọ wúrà. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ́jísítà wà níbẹ̀, bíìtì tí a fẹ́ fọwọ́ kàn wà níbẹ̀, nọ́ńbà tí a fẹ́ kọ náà wà níbẹ̀. Èwo nínú wọn ni ẹ̀bùrú tí ń yẹra fún àbùkù? Èwo ni ètò lásán tí ẹ̀rọ fi ń yára? Ìlà náà kò sọ.

Èmi fara mọ́ ọ̀nà ti Broadwell. Mo sì gbà pé olùyẹ̀wò ni ó wà ní ipò láti mú un dúró. Olùyẹ̀wò ni ẹni tí ó ń ka kóòdù ẹlòmíràn, tí ó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ó yẹ kí ó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀bùrú, ìbéèrè yẹn ni ó rọrùn jù, òun sì ni ó lè tan ènìyàn jẹ jù. Kọ̀ǹpútà lè má dákú lónìí nítorí pé kòńgẹ́ tí ń fa dídákú kò tíì wáyé.

Ẹ wo ohun tí olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè ní ẹ̀bùrú kan tọ́. Àkọ́kọ́ ni irú rẹ́jísítà tí a ń kọ ọ́ sí. Nínú ẹ̀rọ Intel, àwọn rẹ́jísítà kan wà tí bíìtì 16 ti òkè jẹ́ àṣẹ fún bíìtì 16 ti ìsàlẹ̀. Bí a bá fẹ́ tan bíìtì àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀, a gbọ́dọ̀ tan ẹnìkejì rẹ̀ ní òkè pẹ̀lú, kí nọ́ńbà náà lè di 0x00010001. Bí a bá kọ 0x00000001 nìkan, ẹ̀rọ kò ní dá wa lóhùn, kò sì ní sọ pé a ṣe ohun tí kò dára. Yóò kàn dákẹ́ ni. HDC_CHICKEN0 tí mo sọ níṣàájú wà lára irú rẹ́jísítà bẹ́ẹ̀. Nínú dírẹ́bà i915, wa_masked_en ni a fi ń kọ sí irú èyí, wa_write_or ni a sì fi ń kọ sí rẹ́jísítà tí kò gba àṣẹ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì yóò ní kóòdù tí ó lẹ́wà lójú, tí kò sì ṣe ohun tí ó sọ pé òun ń ṣe.

Èkejì ni ibi tí a kó ẹ̀bùrú náà sí. Dírẹ́bà náà ní àkójọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan wà fún rẹ́jísítà tí iye inú rẹ̀ ń bá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ, tí ẹ̀rọ ń tọ́jú pamọ́ bí ó bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Ọ̀kan wà fún rẹ́jísítà tí ń padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí a bá tún apá kan ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn dídákú. Ọ̀kan sì wà fún èyí tí ń padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀ bí a bá tún odidi ẹ̀rọ àwòrán bẹ̀rẹ̀, tàbí bí kọ̀ǹpútà bá sùn tí ó sì jí. Ẹ̀bùrú tí a kó sí àkójọ tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀, yóò sì pòórá ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà bá ti pa á dé tí ó sì tún un ṣí.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí. Dírẹ́bà yìí ní ọ̀nà láti ka rẹ́jísítà padà, kí ó sì wò ó bóyá ohun tí òun kọ ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, yóò kéde pé ẹ̀bùrú ti sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn rẹ́jísítà kan wà tí a lè kọ nǹkan sí tí a kò lè kà. Fún irú wọn, ẹni tí ó kọ kóòdù lè fi òdo sí àyè àyẹ̀wò, kí dírẹ́bà má baà yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Bí olùyẹ̀wò bá rí òdo yẹn, kí ó béèrè: ṣé lóòótọ́ ni rẹ́jísítà yìí kò ṣeé kà, àbí àyẹ̀wò ń kùnà ni a ṣe pa á lẹ́nu mọ́?

Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ tí ẹ̀bùrú yóò kúrò. Kí ẹ̀rọ tó dé ọjà, ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ìpele ìpele: A0 ṣáájú, B0 tẹ̀lé e. Àbùkù tí ó wà nínú A0 lè ti kúrò nínú B0. Àwọn olùtọ́jú i915 mọ èyí, ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà náà fi ń kìlọ̀ bí ó bá rí ẹ̀rọ àkọ́ṣe tí kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ aráàlú, tí wọ́n sì ń yọ ẹ̀bùrú àwọn ẹ̀rọ àkọ́ṣe bẹ́ẹ̀ kúrò. Ẹ̀bùrú kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bíìtì ojo tí a tàn ti pa nǹkan kan tí a ṣe láti mú ẹ̀rọ yára tàbí láti dín iná tí ó ń jẹ kù. Bí àbùkù bá ti lọ tí ẹ̀bùrú sì wà níbẹ̀, à ń san owó ibodè lórí ọ̀nà tí kò sí ibodè mọ́.

Nínú ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí, kò sí èyí tí a lè dáhùn dáadáa bí a kò bá mọ ìdí. Nọ́ńbà tí a kọ sí rẹ́jísítà kò lè sọ ìdí ara rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àṣà wa gbọnmọ-gbọnmọ nìyí.

Gbogbo wa ni a mọ èèwọ̀ tí ó ní a kì í gbálẹ̀ lóru. Àwọn àgbà ní olówó yóò gbá owó rẹ̀ dànù ni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó bá ronú: nínú ilé tí fìtílà kan ṣoṣo ti ń tàn, ohun iyebíye tí ó bọ́ sílẹ̀ lè bá pàǹtí lọ. Èèwọ̀ yẹn jẹ́ ẹ̀bùrú. Àbùkù tí ó ń yẹ̀ sílẹ̀ ni òkùnkùn. Nínú ilé tí iná mànàmáná ti ń tàn rokoṣo, ẹni tí ó mọ ìdí lè gbálẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú, yóò sì tún pa èèwọ̀ náà mọ́ lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ ìdí fún kò ní ju ọ̀nà méjì lọ. Ó lè pa á mọ́ títí láé láìmọ ohun tí ó ń pa mọ́, tàbí kí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátá pé àwọn àgbà ń parọ́. Ohun méjèèjì ni mo rí nínú kóòdù. Àwọn kan kò jẹ́ fọwọ́ kan ìlà tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, àwọn mìíràn a fi ìgboyà pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni yóò sì dákú.

Ta ni ẹlòmíràn náà? Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣì jẹ́ tuntun, àwọn tí ó ṣe é wà nítòsí, a sì lè bi wọ́n léèrè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ilé-iṣẹ́ ti dojú kọ ẹ̀rọ mìíràn, àwọn tí ó mọ ìtàn ti lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò tíì kú. Ó ti di tòkunbọ̀. Ó wà lórí káńtà ní Computer Village ní Ìkejà, ó wà lórí ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ẹni tí kò lágbára láti ra ẹ̀rọ tuntun ni ó pẹ́ jù lórí ẹ̀rọ àtijọ́, òun ni ó sì nílò jù kí ìdí ẹ̀bùrú wà ní àkọsílẹ̀. Bí ẹnìkan bá tún fáìlì náà tò lọ́la, tí ó sì já ìlà kan sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó wà fún, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni ojú kọ̀ǹpútà yóò dúró gbagidi mọ́ lọ́wọ́. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bẹ́ẹ̀ ni òwe wí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó bani nínú jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń ru igbá náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìdí mìíràn jẹ́ àṣírí ilé-iṣẹ́, ẹni tí ó kọ kóòdù kò sì ní àṣẹ láti tú u. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí ó sọ pé ẹ̀rọ ń dákú, tàbí pé àwòrán ń bàjẹ́, tàbí pé bátìrì ń tètè tán, kì í tú àṣírí bí a ṣe ṣe ẹ̀rọ. Àlàyé ti Broadwell kò ba ilé-iṣẹ́ kankan jẹ́. Wọ́n á tún ní nọ́ńbà tó, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ìdí kí ó lọ wá a. Mo gbà pé nọ́ńbà sàn ju òfo lọ. Mo sì yin iṣẹ́ tí a ṣe nínú Xe, dírẹ́bà tuntun tí ó wọ inú Linux 6.8 ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Níbẹ̀, ẹ̀bùrú inú àkójọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ó ní òfin tí ó sọ irú ẹ̀rọ tí ó kàn, ó sì ní ohun tí yóò ṣe. A tilẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà náà pé kí ó ka orúkọ àwọn ẹ̀bùrú tí ó ń lò lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú wa. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni. Síbẹ̀, nọ́ńbà 14011059788 yẹn kan náà ni ó wà níbẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. A ti mọ ẹni tí ń jẹ́ Kúmólú báyìí, a sì mọ ilé tí ó ń gbé. Ohun tí a kò tíì gbọ́ ni ẹni tí ikú mú lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn baba wa náà fi ìdí èèwọ̀ pamọ́ fún ọmọdé, ayé kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́. Èsì mi ni pé ọmọdé ni wọ́n fi í pamọ́ fún, wọn kò fi í pamọ́ fún àrólé. Ẹni tí yóò jókòó sí àyè bàbá ni a ń pè wọ inú yàrá láti sọ ìdí fún. Ẹni tí yóò tọ́jú dírẹ́bà lẹ́yìn wa ni àrólé wa nínú iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó ní kí ẹ fi orúkọ yín jẹ́rìí sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀bùrú tí ẹ ó rí lè jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Ó lè ti wo àìsàn sàn níṣojú yín, ẹni tí ó kọ ọ́ sì lè jẹ́ ọ̀gá tí ó ju yín lọ. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ yín sí i títí ẹ ó fi rí gbólóhùn kan lókè rẹ̀ tí ó sọ àbùkù tí ó wà, ẹ̀rọ tí ó kàn, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá yọ ọ́. Ẹ̀bùrú tí kò bá ní ìyẹn, kí ẹ dá a padà, bí ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ní èrò tí ó yàtọ̀ sí tèmi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.